Òfin ìpàdé wọn dára ju òfin ìyànsípò wọn lọ: àgbéyẹ̀wò ìpàdé ìgbìmọ̀ etíkun California láti Ìjẹ̀bú

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níbí kò ní owó nínú. Ìpàdé gbogbogbòò California Coastal Commission ni, ìyẹn ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣàkóso ilẹ̀ etíkun ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, bó ṣe ń lọ lọ́wọ́ tàbí lẹ́yìn tó bá ti parí. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Ìjẹ̀bú nítorí pé a ní omi. Láti Àbígì tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, dé Ìwópin, Màkún-Omi àti Òde-Omi, ọ̀sà àti òkun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun, àríyànjiyàn lórí ẹni tó máa wa yanrìn àti ẹni tó máa kọ́lé sí etí omi kò sì tán nílẹ̀. Nígbàkúùgbà tó bá tún dìde, ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé, "Ta ló jókòó níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, ọjọ́ wo sì ni wọ́n jókòó?" Ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ California.

Àwọn ará ìpínlẹ̀ náà fúnra wọn ló fi ìbò dá ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1972, òfin etíkun ti ọdún 1976 sì sọ ọ́ di ohun tí yóò wà títí. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó lè dìbò jẹ́ 12. Gómìnà ló ń yan 4, ìgbìmọ̀ kan nínú ilé aṣòfin àgbà ń yan 4, olórí ilé aṣòfin kejì sì ń yan 4 yòókù. Mẹ́fà nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ará ìlú ti dìbò yàn sípò ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti ìlú etíkun, kí mẹ́fà kejì sì wá láti àárín ará ìlú lásán. Àwọn 3 mìíràn tún ń jókòó láti àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n wọn kì í dìbò.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbi ìyànsípò yìí ni bí wọ́n ṣe ṣètò ìjókòó àwọn mẹ́fà tó wá láti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n pín etíkun náà sí agbègbè 6, agbègbè kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìjókòó tirẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ agbègbè yẹn ló ń fi orúkọ ránṣẹ́, láti inú àwọn orúkọ yẹn sì ni ẹni tó ní àṣẹ láti yàn ti gbọ́dọ̀ mú. Gómìnà kò lè jí lọ́jọ́ kan kó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò mọ etí omi rí, kó ní òun ló gba irú ìjókòó yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ti ọdún tí kóówá ń lò. Àwọn tí ilé aṣòfin yàn ní ọdún 4 tí ẹnikẹ́ni kò lè gé kúrú bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n àwọn tí gómìnà yàn ń lo ọdún 2, gómìnà sì lè yọ wọ́n nígbàkúùgbà. Gbogbo wọn ni àwọn tó yàn wọ́n lè yọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi dájọ́ ní ọdún 2002 pé ètò náà lòdì sí ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Àwọn aṣòfin tún un ṣe ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sì fi ọwọ́ sí àtúnṣe yẹn ní ọdún 2005. Lójú tèmi, ìdajì àtúnṣe ni. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n lè yọ òun lọ́la kò ní lè dìbò lónìí bí ọkàn rẹ̀ ṣe fẹ́.

Bàbá apẹja kan láti Màkún-Omi, tó wá kí wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, jókòó wo apá kan ìpàdé náà pẹ̀lú mi, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan àwọn 12 náà tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èwo nínú wọn ló ń da àwọ̀n?" Mo ní, "Bàbá, òfin wọn kò ya ìjókòó kankan sọ́tọ̀ fún apẹja." Wọ́n ní, "A jẹ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé wa, wọn ò pè wá." Mi ò rí èsì kankan fọ̀ fún wọn, nítorí ohun tí wọ́n sọ ni àléébù tó tóbi jù nínú òfin ìyànsípò California. Ó yàtọ̀ sí ti ìpínlẹ̀ North Carolina, níbi tí òfin etíkun ọdún 1974 ti ya ìjókòó sọ́tọ̀ nínú ìgbìmọ̀ tiwọn fún ẹni tó ní ìrírí nínú ẹja pípa fún títà. Lóòótọ́, láti ọdún 2016, òfin California ní kí ó kéré tán ẹnì kan nínú àwọn tí gómìnà yàn máa gbé láàárín àwọn aráàlú tí ìdọ̀tí àyíká ń pọ́n lójú, kó sì máa bá wọn ṣiṣẹ́. Ìyẹn dára, àmọ́ kò dí àlàfo tí Bàbá tọ́ka sí.

Nígbà tí a bá dé orí òfin ìpàdé gan-an, ìyìn ló kù. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ pàdé ó kéré tán ìgbà 11 lọ́dún, ní ibi tí yóò rọ ará ìlú lọ́rùn, wọ́n sì máa ń gbé e láti ìlú etíkun kan sí òmíràn. Ètò ìpàdé gbọ́dọ̀ jáde ní ọjọ́ 10 ṣáájú, ohun tí kò bá sì sí nínú ètò yẹn, wọn kò gbọdọ̀ ṣe ìpinnu lé e lórí. Ẹni tó wá wòran kò ní láti forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Ó kéré tán, ìlàjì lé nínú àwọn tí wọ́n yàn gbọ́dọ̀ jókòó kí ìpinnu tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìyẹn 7 nínú 12, ìbò ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó ló sì máa ń borí. Mo ní láti sọ pé 4 nínú 7 lè tipa bẹ́ẹ̀ pinnu ọ̀rọ̀ etíkun tó gùn ju 1,700 kìlómítà lọ, èyí tó kéré jù fún mi. Ṣùgbọ́n kò sí ìbò ìkọ̀kọ̀, ẹ ó mọ àwọn mẹ́rin náà.

Èyí tó wú mi lórí jù ni òfin ọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́. Bí agbaṣẹ́ṣe tàbí agbẹjọ́rò bá pe ọmọ ìgbìmọ̀ lórí fóònù lórí ìwé àṣẹ kan tí ìgbìmọ̀ kò tíì ṣe ìpinnu lé lórí, ọmọ ìgbìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 7, kó kọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó jẹ́, àti ohun tí wọ́n sọ. Bí ọjọ́ ìpàdé bá ti sún mọ́lé, ẹnu ni yóò fi sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ wo bó ṣe ń rí lójú fídíò: kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, alága a béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti jẹ́wọ́, wọn a sì máa dáhùn níkọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò ní a ní òun kò ní, ẹni tó ní a dárúkọ ẹni tó wá bá òun. Kì í pẹ́ rárá. Bí wọ́n bá ń ṣe èyí nìkan ní gbogbo ìpàdé tó kan omi wa, ọ̀pọ̀ ìfura ìbá ti rọlẹ̀.

Síbẹ̀, gbangba kì í bo gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, ní ìlú Morro Bay, ìgbìmọ̀ náà jókòó lórí bóyá kí wọ́n yọ Charles Lester, ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn wá, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ wọ yàrá lọ ṣe ìpàdé bòńkẹ́lẹ́, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìbò 7 sí 5 pé kó máa lọ. Òfin gbà wọ́n láyè, nítorí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n lè ti ilẹ̀kùn sọ. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kà á, nítorí àwọn tó rìn wá láti ọ̀nà jíjìn yẹ lẹ́ni tí à bá jẹ́ kó gbọ́ ìdí rẹ̀ látẹnu àwọn tó dìbò.

Èmi náà ti lọ sí ìpàdé kan lórí yanrìn ní agbègbè omi wa. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n fi tó wa létí, ìwé tí wọ́n fẹ́ kí a fọwọ́ sí sì ti wà lórí tábìlì kí a tó jókòó. Àìmọ̀ ìpàdé kọ́ ló fà á ní Ìjẹ̀bú. Pàmpá, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú lásán, ti jẹ́ ohùn wọn níbí kí ìjọba òyìnbó tó dé, ọ̀pọ̀ Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, lónìí ló sì ní ìwé òfin tí ó sọ iye ẹni tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ọdún 2011 tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba ń ràn wá lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣẹlẹ̀. Ìfitónilétí ọlọ́jọ́ 10, pẹ̀lú ètò tí a kò gbọdọ̀ yà kúrò lórí rẹ̀, ló yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó wà létí omi kọ́kọ́ béèrè fún.

Òfin ìpàdé wọn gba 8 nínú 10 lọ́wọ́ mi, òfin ìyànsípò gba 5. Fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó: aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó sì lè gùn wọ òru, lédè Gẹ̀ẹ́sì tó kún fún ọ̀rọ̀ òfin. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, kó kọ́kọ́ ka ìjábọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó mú èyí tó jọ tiwa, kó wá lọ tààrà síbi tí alága ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́ lọ́wọ́ wọn.