Abala ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí ìwé àkójọ: èwo ni kí ẹ rà bí ẹ bá fẹ́ Prince Valiant ti ìgbà ogun?

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìtàn aláwòrán Prince Valiant tí Hal Foster yà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì wà lọ́wọ́ òun lè gba ọ̀nà méjì. Ó lè ra abala ìwé ìròyìn Ọjọ́ Àìkú gan-an, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí 80 ọdún sẹ́yìn, ó sì lè ra ìwé àkójọ ẹlẹ́yìn líle tí ilé ìtẹ̀wé Fantagraphics bẹ̀rẹ̀ sí gbé jáde ní 2009. Méjèèjì ni mo ní nílé wa níbí ní Chicago. N kò ní sọ ìtàn ọmọ ọba náà fún yín, nítorí pé ẹni tí ó ti ń wá ibi tí yóò ti rà á ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí owó yín yóò bá pàdé ni mo fẹ́ sọ.

Kí ẹ tó béèrè iye, ẹ béèrè bóyá abala náà pé. Kò sí olùtajà tí kò ní dáhùn pé ó pé, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ju ẹyọ kan lọ. Ìwọ̀n kan náà kọ́ ni gbogbo ìwé ìròyìn fi ń tẹ ìtàn Ọjọ́ Àìkú: àwọn kan fún un ní odindi ojú ewé, àwọn mìíràn sì dín in kù kí ó lè gba àyè tí wọ́n ní. Nígbà tí ogun mú kí bébà wọ́n gógó, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Láti oṣù Kẹrin 1944 títí di oṣù Kọkànlá 1945, Foster pín ojú ewé rẹ̀ sí méjì: ó fi ìtàn Valiant sókè, ó sì fi ìtàn mìíràn tí ó pè ní The Medieval Castle (ilé olódi ayé àtijọ́) sí ìlà ìsàlẹ̀, kí ìwé ìròyìn tí kò bá ní àyè tó lè yọ ìlà ìsàlẹ̀ náà kúrò láìba ìtàn òkè jẹ́.

Èmi kò mọ èyí nígbà tí mo ra ìdì abala 26 ti ọdún 1944 lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń ta nǹkan àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo wọn pé, mo sì san dọ́là 140. Nígbà tí wọ́n dé, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì, mo gbé ìdìpọ̀ kẹrin ìwé àkójọ náà, èyí tí ó kó ọdún 1943 àti 1944 jọ, sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo sì ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú 26, 19 ni kò ní ilé olódi nísàlẹ̀. Kò sí ibi tí abẹ́ tàbí sáàsì ti kan wọ́n. Etí ìsàlẹ̀ wọn gún régé bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Mo kọ̀wé sí olùtajà náà, ó sì fèsì pé òun kò gé nǹkan kan. Òótọ́ ni ó sọ, nítorí pé ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ ni ó ti yọ ìlà náà láti ọdún 1944. Lójú tirẹ̀, abala tí kò ya ti pé. Lójú tèmi, kò pé àfi bí gbogbo ohun tí Foster yà fún ọjọ́ náà bá wà níbẹ̀. Kò dá owó mi padà, ó sì dùn mí títí di òní, nítorí pé oṣù mẹ́rin ni mo fi tu owó náà jọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra abala, ẹ ní kí ẹni tí ń tà á ya fọ́tò rẹ̀ láti orí dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì sọ orúkọ ìwé ìròyìn tí ó ti wá. Ẹ béèrè fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó gé ìpolówó kan láti ẹ̀yìn nígbà àtijọ́ ti dá ihò sí ìtàn iwájú, àlẹ̀mọ́ tí wọ́n bá sì fi bébà mìíràn ṣe kì í tètè hàn nínú fọ́tò iwájú nìkan.

Bébà ìwé ìròyìn kì í pẹ́ láyé. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, èròjà kan tí ó wà nínú igi náà a máa sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú bí ìmọ́lẹ̀ àti ooru bá ti kàn án, a sì máa rún bí ewé gbígbẹ ní ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po. Ẹ ó ra àpò Mylar, ìyẹn àpò ọ̀rá tí ó mọ́ gaara, ẹ ó wá ibi tí kò ní ìmọ́lẹ̀, ẹ ó tẹ́ wọn sílẹ̀ gbalaja. Ìwé àkójọ kò béèrè ju pẹpẹ ìwé lọ.

Ní ti àwọ̀, ẹ̀dà ìdánwò aláwọ̀, èyí tí wọ́n fi ń yẹ àwọ̀ wò kí wọ́n tó tẹ ìwé ìròyìn, tí Foster fúnra rẹ̀ tọ́jú, tí ó wà ní Yunifásítì Syracuse, ni Fantagraphics lò. Ìdí nìyí tí ìlà irun ẹṣin àti ìgbì òkun fi hàn ketekete nínú ìwé náà, níbi tí abala ìwé ìròyìn mi ti da wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní ti ìtóbi, abala ni ó borí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìwé àkójọ kò lè fún yín láé. Lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn abala mi, ìpolówó kan wà tí ó ń rọ àwọn ìyá ilé pé kí wọ́n má da ọ̀rá inú páànù dídín nù, kí wọ́n gbé e lọ fún alápatà wọn, nítorí pé wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe ohun ìjà. Ọ̀rá tí ìyá kan fi din ẹran ní ọjọ́ Sátidé ń lọ sójú ogun, ọmọ rẹ̀ sì ń ka Valiant ní ẹ̀yìn bébà kan náà. Mo máa ń yí abala náà síwá sẹ́yìn nígbà tí ilé bá dákẹ́.

Ẹni tí ó bá lè dé Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio kò nílò láti ra nǹkan kan kí ó tó mọ ìyàtọ̀. Billy Ireland Cartoon Library & Museum ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ni àkójọ Bill Blackbeard, ẹni tí ó ń kó ìtàn aláwòrán inú ìwé ìròyìn jọ, wà: abala ìwé ìròyìn tí ó tó tọ́ọ̀nù 75, tí ó gbà lọ́wọ́ àwọn ilé ìkàwé tí wọ́n fẹ́ dà wọ́n nù lẹ́yìn tí wọ́n ti ya àwòrán wọn sórí fíìmù dúdú àti funfun.

Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan ọdún 1944 gan-an, abala ni tiyín, ẹ rọra wá ẹyọ kan ṣoṣo tí ó dára. Bí ó bá jẹ́ ìtàn ni ẹ fẹ́ kà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láìsí àlàfo, ẹ ra ìdìpọ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún ìwé àkójọ náà kọ́kọ́, kí ẹ tó náwó sí ìdì kankan. Ẹyọ abala tí ẹ bá wá rà lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ó wà láàárín oṣù Kẹrin 1944 sí oṣù Kọkànlá 1945, kí ilé olódi náà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.