Ball mill tàbí ìgò DMF? Bí mo ṣe ń ṣe MOF ní Kàbà

Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń ṣe MOF (metal-organic framework), ohun líle oníhò wẹ́wẹ́ tí mẹ́tàlì àti ásíìdì so pọ̀ di, nínú yàrá kékeré kan ní Kàbà. HKUST-1, ọ̀kan lára àwọn MOF, ni mo fi dán ọ̀nà méjèèjì wò, ìyẹn sísè nínú DMF, kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ nǹkan, àti lílọ̀ nínú ball mill, ẹ̀rọ tí bọ́ọ̀lù irin inú agolo rẹ̀ ń lọ nǹkan kúnná: bàbà àti ásíìdì so kọ́ra bí àwọ̀n, gáàsì sì ń ráyè wọ ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀.

Sísè ni mo kọ́kọ́ kọ́. Mo yọ́ copper nitrate àti trimesic acid sínú DMF, ẹtánọ́ọ̀lù àti omi, mo dé ìgò pa, ó di inú ófùn ní 85 °C fún wákàtí 20. Wákàtí 20, níbi tí iná wa máa ń lọ láìdágbére! Alẹ́ mẹ́ta léraléra ni ófùn tutù mọ́jú, epo jẹnẹrétọ̀ sì gba owó kẹ́míkà. DMF fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ jáde nínú ihò, torí 153 °C ló tó hó. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ibi tí màá da ìyókù sí ló ń dà mí láàmú jù, kànga ilé wa kò jìnnà.

Onímọ̀ kẹ́mísírì Stuart James àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Belfast ti lọ copper acetate mọ́ isonicotinic acid ní 2006 láti fi ṣe MOF, láìsí kẹ́míkà olómi kankan, ìṣẹ́jú 10 péré. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra ball mill. Mo fi copper acetate rọ́pò nitrate, mólì 3 sí trimesic acid mólì 2. Ní ìṣẹ́jú 10 mo dá a dúró, torí ó ti lẹ̀ mọ́ ìdí agolo. Mo há a kúrò, mo tún lọ̀ ọ́ fún 10 sí i. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn fínígà gbá mi nímú. Acetic acid tó ń jáde nìyẹn, inú mi dùn gan-an. Mo fi ẹtánọ́ọ̀lù díẹ̀ ṣan án, mo sá a sí ófùn, ó ṣú bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Bí atẹ́gùn ṣe kàn án, ó tún padà di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú àyẹ̀wò X-ray, ibi tí àwọn ṣóńṣó orí ìlà (peak) ti èyí tí mo sè wà náà ni ti èyí tí mo lọ̀ wà, àmọ́ wọ́n fẹ̀ díẹ̀ sí i.

Àléébù rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́: ìyẹ̀fun ló ń fúnni, kì í ṣe kírísítà ńlá, bọ́ọ̀lù irin sì lè bọ́ díẹ̀ sínú rẹ̀. Rọ́bà ìdérí agolo mi ya lóṣù kejì, ẹni tó tà á fún mi kò gbé ìpè mi mọ́. Ẹ ra rọ́bà méjì pọ̀ mọ́ ọn.

Ìgò DMF kan ṣì wà lọ́wọ́ mi, fún ọjọ́ tí mo bá nílò kírísítà ńlá. Láti ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti ṣí i.