Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ gun òkè Kilimanjaro: ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Dọ́là 1,350 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Owó ọkọ̀ òfurufú ò sí nínú ẹ̀, owó físà ò sí nínú ẹ̀. Ọjọ́ 7 ni mo rà, ọjọ́ 5 ni wọ́n fún mi. Ọ̀nà Machame ni mo sanwó fún, ọ̀nà Marangu ni wọ́n mú mi gbà. Mi ò sì dé orí òkè.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági Tuntun n'Ìbàdàn, ọdún kejìlélógún rèé. Ẹ gbé léèsì lé mi lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, ọwọ́ mi á sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó fún yín. Tí ọmọ ọjà bá ń wọn ọ̀pá 5 fún mi, tó ń fi àtàǹpàkò jí i gé, mo ti rí i kó tó gbé àlùmọ́gàjí. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ní òpè ni mí. Mi ò kì í ṣe òpè! Èmi tí mò ń wọn aṣọ láràárọ̀ ni wọ́n gé odindi ọjọ́ 2 kúrò lára ọjà mi, tí mi ò rí i.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo fẹ́ pé 50 ọdún. Mo ti sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa pé mi ò ní ṣe ìnáwó, mi ò ní pe olórin, orí òkè tó ga jù ní gbogbo Áfíríkà ni màá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mítà 5,895 ni. Mo múra. Mo gun òkè Ìdànrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, mi ò jókòó. Ẹgbẹ́ fi adìrẹ ẹlẹ́kọ ya nọ́ńbà 50 fún mi sórí aṣọ kan báyìí, kò tóbi ju ìborùn lọ, pé kí n nà án síwájú àyà kí n fi ya fọ́tò lókè lọ́hùn-ún.

Mo bèèrè iye owó lọ́wọ́ ibi mẹ́ta. Ọ̀kan ní 1,900, èkejì ní 2,200. Ẹni kẹta ni ọ̀gbẹ́ni yìí. Èkó ló ní òun wà, Instagram ni mo ti rí i, Yorùbá pọ́ńbélé ló ń sọ. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, bí ìyá mi lẹ ṣe jẹ́." Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní 1,350, ẹ̀dínwó ọjọ́ ìbí. Mo ní ṣé gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀? Ó ní gbogbo ẹ̀ ni, Mọ́mì. Mo san 500. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ní àwọn aláṣẹ òkè ń bèèrè owó, kí n san èyí tó kù kí ààyè mi má bàa bọ́. Mo san 850. Orúkọ èèyàn kan ló wà lórí àkáǹtì náà, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ kankan. Mo rí i. Mo rí i kedere, mo sì tẹ owó náà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Mo ti bi ara mi títí ọkàn mi fi bó. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ẹni tó ń kí èèyàn láràárọ̀, tó ń bèèrè ọmọ, tó rántí pé orúnkún ń dun èèyàn. Ta ni kò ní gbọ́ tirẹ̀?

A dé Moshi lálẹ́. Ìlú kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè náà ni. Mi ò tíì wẹ̀ tán nígbà tí wọ́n ní ẹnì kan ń dúró dè mí nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà mú fáìlì lọ́wọ́, kì í ṣe aláriwo. Ó ṣí i, ó fi ìka tẹ ojú ìwé náà: Marangu, ọjọ́ 5. Mo ní rárá o, Machame ni, ọjọ́ 7. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní dọ́là 900 ni ẹni tó wà ní Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sáwọn lórí mi, ibi tí 900 mọ nìyẹn. Tí mo bá fẹ́ Machame, kí n fi 700 kún un kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo pe ọ̀gbẹ́ni Èkó. Ó ń dún, kò gbé e. Mo tún pè, kò gbé e. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ti pa fóònù. Mo jókòó sórí àga ike ní ojú àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì yẹn, mo ń kígbe lédè Yorùbá fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Dọ́là 250 ló kù lọ́wọ́ mi, owó tí mo tọ́jú láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá sìn mí lọ. Ẹni tó bá ní kí n yíjú padà sílé nígbà náà, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé obìnrin mẹ́rìnlá ló ń retí fọ́tò mi. Ṣé kí n padà lọ bá wọn láì gun nǹkan kan?

Ní ibi tí wọ́n ti rí èèyàn mú nìyẹn. Láti ọdún 1991 ni wọn kì í ti í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òkè yẹn láìsí afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ ò lè dá a lọ. Ọwọ́ wọn lẹ wà.

Ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù mi rèé, pẹ̀lú kakulétọ̀ tí mo fi ń ta aṣọ. Nígbà tí mo lọ, dọ́là 70 ni ìjọba Tanzania ń gbà lọ́wọ́ àlejò lójúmọ́ kan fún wíwọ ọgbà òkè náà. 50 ni alẹ́ kan nínú àgọ́, 60 ni alẹ́ kan nínú ahéré Marangu. 20 wà fún àwọn tó máa gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Owó orí wá gun gbogbo ẹ̀, 18 nínú 100. Ọjọ́ 7 lórí Machame á jẹ́ bíi 956 tó ń lọ tààrà sápò ìjọba. Nínú 1,350 tèmi, kò ku 400. Nínú 400 yẹn lẹ ti máa bọ́ èèyàn fún ọjọ́ 7, ẹ sanwó afinimọ̀nà, alásè, aláàárù, mọ́tò, àgọ́, òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ́jẹ́ǹtì náà sì jẹ èrè tiẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe? Tí ẹnì kan bá wá bá mi pé òun ń ta ojúlówó léèsì ní iye tí èmi gan-an kò rí i rà, ṣé mi ò ní lé e kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù ni? Ọjọ́ 5 lórí Marangu jẹ́ bíi 720. Nínú 900 tó dé ọwọ́ wọn, 180 ló kù fún iṣẹ́ gbogbo àwọn tó sìn mí lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọjọ́ 2 wà fún. Èmi náà rò pé ìsinmi lásán ni. Rárá. Atẹ́gùn òkè yẹn fẹ́lẹ́, ara ní láti kọ́ bó ṣe máa fi í gbé. Ìlànà àwọn dókítà òkè ni pé tí èèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tó máa sùn lónìí kò gbọdọ̀ fi ju mítà 500 lọ ga ju ibi tó sùn lánàá. Ní Marangu, alẹ́ àkọ́kọ́ mi wà ní Mandara, bíi mítà 2,720. Alẹ́ kejì, Horombo, 3,720. Alẹ́ kẹta, Kibo, 4,720. Mítà 1,000 lójúmọ́! Èmi tí mo ti Ìbàdàn wá. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa lórí Marangu pàápàá máa ń fi ọjọ́ kan kún un ní Horombo, kó lè jẹ́ 6. Ní Machame tí mo rà, wọ́n á mú èèyàn gòkè lọ sí Lava Tower tó kọjá 4,600, wọ́n á jẹun, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco tí kò tó 4,000. Ara á ti rí i, á sì padà sísàlẹ̀ lọ sinmi. Ohun tí mo fi owó rà nìyẹn. Wọ́n gé e.

Àwa 7 là ń gùn, afinimọ̀nà kan àti igbákejì rẹ̀ ló tẹ̀ lé wa. Ní Kibo, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Mo bì. Wọ́n gbé ọbẹ̀ wá, mi ò lè mú ṣíbí dúró. Mo bèèrè ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n máa ń fi há ọmọ ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó wà nínú fọ́tò tí ọ̀gbẹ́ni Èkó fi ránṣẹ́. Kò sí. Mo ní ọ́síjìn ńkọ́? Wọ́n gbé agolo rẹ̀ jáde. Mo tan tọ́ọ̀ṣì orí mi sí gáàjì rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ sùn sórí òdo. Mo fi ìka kàn án, bóyá ó há ni. Kò há.

Ní agogo 12 òru, wọ́n ní ká máa lọ. Mo lọ, Ọlọ́run má bínú. Mo dé ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Hans Meyer, ó lé ní 5,000, ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Igbákejì afinimọ̀nà ti mú ẹlòmíì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí n jókòó níbẹ̀ dè é. Mo jókòó nínú òtútù yẹn, mi ò mọ iye wákàtí, mo di aṣọ 50 yẹn mọ́ àyà lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Mo ń ronú pé bóyá ibí ni wọ́n ti máa wá gbé mi.

Ọmọ aláàárù kan ló gbé tíì wá bá mi nígbà tí wọ́n mú mi padà dé Kibo. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Wọ́n ń wọn ẹrù wọn lẹ́nu ọ̀nà, òfin ni pé kò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ, àmọ́ mo fi ojú mi rí i tí wọ́n tún gbé àpò mìíràn lé e lórí nígbà tí a ti kọjá ibi ìwọ̀n. Okùn ló fi so bàtà rẹ̀, ìtẹ̀lẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ya bí ẹnu ẹja. Ó ní "Pole, mama." Ẹ ẹ̀ rí i, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ó jọ pẹ̀lẹ́ tiwa. Tí wọ́n bá sì ní kéèyàn rọra máa rìn, pole pole ni wọ́n ń wí. Omi bọ́ lójú mi. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, òun àti èmi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń jẹun. Wọn ò tíì sanwó òkè tó gùn ṣáájú tèmi fún un.

180 yẹn nìyẹn. Ẹ̀dínwó ọjọ́ ìbí mi, inú ikùn ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ti yọ ọ́. Mi ò mọ̀ ni o. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó dínwó jù, inú mi sì dùn sí i. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi fún un, mo sì fún un ní èyí tó pọ̀ jù nínú 250 yẹn. Kò tó.

Mo délé, mo sọ fún ẹgbẹ́ pé ojú ọjọ́ ló bàjẹ́, pé wọ́n dá gbogbo wa padà. Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ka èyí, ẹ dárí jì mí. Oṣù September ni, ojú ọ̀run mọ́ bí awojú.

Ní báyìí, mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń ta ìrìn àjò gbọ́ mọ́. Ilé iṣẹ́ Moshi náà, ṣé wọn ò mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá ṣe ni? Ilé ìtura náà, ṣé èmi ni àkọ́kọ́ tó máa kígbe lórí àga yẹn? Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń jẹ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ọmọ mi ní mò ń ṣe àṣejù, pé àwọn olóòótọ́ wà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ, ẹ yáa gbọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ Machame, kó má dín ní ọjọ́ 7. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ Tanzania gan-an tó máa mú yín gùn fún yín, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí wọ́n fi ìwé àṣẹ TALA hàn yín, èyí tí ìjọba Tanzania ń fún àwọn ilé iṣẹ́ ìrìn àjò. Ẹ wo orúkọ wọn lórí àkójọ KPAP, àwọn yẹn ló ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláàárù. Ẹ má sanwó sí àkáǹtì ẹnì kan, ẹ má sì san gbogbo ẹ̀ tán kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé tí ìjọba já lórí owó ọgbà, iye ọjọ́ wà lórí ẹ̀, ẹ kà á. Ẹ ní kí wọ́n ṣí agolo ọ́síjìn lójú yín ní Moshi. Ọ̀rọ̀ Diamox, oògùn tí wọ́n ń lò kí òkè má bàa ṣe èèyàn, dókítà yín ni kí ẹ bi.

Orúkọ tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ń jẹ́ nígbà náà, ó ti yí i padà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ́ síbí. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí mi, ìrìn àjò December, dọ́là 1,300, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Fọ́tò tó lẹ̀ mọ́ ọn, èèyàn 7 ló dúró lábẹ́ pátákó ẹnu ọ̀nà Marangu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn ní apá òsì, tó na aṣọ adìrẹ síwájú àyà, èmi ni. Àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n yà á. Tí ẹ bá ti rí fọ́tò yẹn, òun nìyẹn.