Ilé bọ́ọ̀lù Lágere tó fi rọ́gbì hàn wá láàárọ̀ Sátidé

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tẹ́ ẹ ti lè wo rọ́gbì nílùú yìí, tí ò ní jẹ́ pé fóònù lẹ máa fi wò ó kí dátà wá tán lágbede méjì, ilé bọ́ọ̀lù kan wà ní Lágere, wọ́n kun iwájú ẹ̀ ní búlúù, pátákó dúdú kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ọ̀gá ibẹ̀ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn sí. Wọn ò kọ orúkọ kankan sára ẹ̀, ẹ ṣáà béèrè ilé bọ́ọ̀lù búlúù.

Torí Maro Itoje, tó ń gbá rọ́gbì fún England, ni mo ṣe débẹ̀. Bọ̀dá mi tó wà ní Leicester ló kọ́ mi ní rọ́gbì, 2016 nìyẹn, ọdún tí Itoje ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jẹ́sì England, àtìgbà yẹn ni mo ti ń tẹ̀ lé e. London ni wọ́n bí i sí ní 1994, àmọ́ ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá ẹ̀. Òun àti kíláàbù ẹ̀, Saracens, gba ife Yúróòpù ní 2016, 2017 àti 2019, ó sì ń lọ sílé ìwé ní gbogbo àsìkò yẹn, ìmọ̀ ìṣèlú ló kà ní yunifásítì SOAS ní London, èmi ò mọ bó ṣe ń rójú kàwé lẹ́yìn tí àwọn èèyàn tó wúwo bíi màlúù ti lu ara mọ́ ọn látàárọ̀. Ojú ẹ̀ náà rí nǹkan o. Fáínàlì World Cup 2019 ní Yokohama, South Africa na England 32-12, mo sunkún lọ́jọ́ náà. 2021 ó bá àwọn Lions lọ sí South Africa, wọ́n tún pàdánù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di kápútẹ́nì England ní January 2025, tí wọ́n tún sọ ọ́ di kápútẹ́nì Lions lọ́dún yẹn kan náà, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó máa wà nípò yẹn látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò yẹn ní 1888, mo ní mi ò ní dá jókòó wò ó nínú yàrá mi.

(Fún ẹni tí ò bá mọ̀, Lions ni ẹgbẹ́ tí wọ́n máa ń ṣà jọ lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin láti England, Ireland, Scotland àti Wales, àwọn tó dáa jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Australia ni wọ́n lọ ní 2025, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì máa bá wọn gbá a.)

Ilé bọ́ọ̀lù mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ dé, wọ́n ní ta ló máa sanwó wo ìyẹn. Ọ̀gá ti Lágere yìí nìkan ló bi mí pé, "Àǹtí, aago mélòó ni?" Mo ní aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé, torí ilẹ̀ ti ṣú ní Australia nígbà yẹn. Ó ronú díẹ̀, ó ní oṣù July ni, Premier League ò sí, orí ìjókòó òun ń ṣòfò, kí n mú èèyàn mẹ́wàá wá, ọ̀ọ́dúnrún náírà ẹnì kan. Márùn-ún ni mo rí mú. Ó ṣílẹ̀kùn fún wa bẹ́ẹ̀ náà.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ 19 July, ohun tí mo rí lára pátákó ni: LIONS v AUSTRALIA, 11AM, ỌMỌ WA NI KÁPÚTẸ́NÌ. Mo dúró síbẹ̀ mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí bọ̀dá mi. Ohun tó kọ yẹn pe èèyàn wọlé o, kó tó di ìdajì eré a ti tó bí ogún.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé gídígbò ni àbí bọ́ọ̀lù?" Mo ní méjèèjì ni bàbá. Mo ṣàlàyé fún wọn pé èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níhà kọ̀ọ̀kan, pé wọ́n lè gbé bọ́ọ̀lù sá síwájú, wọ́n sì lè gbá a síwájú, àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ jù ú sẹ́lòmíì, kò gbọdọ̀ lọ síwájú, pé ẹni tó bá gbé e kọjá ìlà òpin tó fi kanlẹ̀ ti gba máàkì márùn-ún nìyẹn, tí wọ́n bá wá gbá a gba àárín òpó wọ́n á fi méjì lé e. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ibẹ̀ rèé: gbogbo ìgbà tí eré bá dúró, ọ̀gá á dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù kí gbogbo ilé lè gbọ́ ohun tí mò ń sọ, tí eré bá tún bẹ̀rẹ̀ á gbé e sókè. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lions jẹ 27-19.

Bàbá wá ní ṣé kò sọ́mọ Yorùbá kankan nídìí nǹkan yìí ni. Mo ní ó wà ńkọ́! Adedayo Adebayo, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1970, ó wà nínú àwọn tó gba World Cup rọ́gbì ẹlẹ́ni méje fún England ní Edinburgh ní 1993, òun náà ló tún wà pẹ̀lú kíláàbù Bath nígbà tí wọ́n na Brive ti ilẹ̀ France 19-18 gba ife Yúróòpù ní 1998. Topsy Ojo náà ńkọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣeré fún England ní 2008, ní Auckland, nílé àwọn New Zealand gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Bàbá dìde dúró, wọ́n ní, "Ọmọ Ìbàdàn!" wọ́n wá ń sọ fún gbogbo èèyàn bíi pé mọ̀lẹ́bí wọn ni.

Eré kejì, ní 26 July, ni wọ́n ti ṣe mí ní nǹkan, mi ò ní fi bò. Òjò ńlá ń rọ̀ sórí páànù, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ la ń lò. Australia ti na Lions 23-5 nígbà kan, díẹ̀díẹ̀ Lions ń lé e bọ̀, ó di 26-24, ó ku ìṣẹ́jú bíi méjì péré kó parí, ni jẹnẹrétọ̀ bá kú. Epo ti tán! Kí lẹ fẹ́ kí èèyàn ṣe? Mo figbe ta. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì sínú òjò, kò tiẹ̀ wá ohun tó máa fi borí, ó rọ epo tán ó fà á, dẹkódà ṣì tún ń lo àsìkò tiẹ̀ kó tó tàn, nígbà tí àwòrán máa jáde, Hugo Keenan ti Lions ti fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà òpin, réfírì ń wo fídíò bóyá Jac Morgan, Lions lòun náà, ṣe ẹnì kan léṣe níbi ọrùn kí bọ́ọ̀lù tó wọlé. Gbogbo wa dákẹ́, omi ń kán látorí ọ̀gá sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Réfírì ní ó wọlé. 29-26! Lójú èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún ní Melbourne, ìdíje di ti Lions, Itoje ti gbà á. Ọ̀gá dá igba náírà padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀ wá. Síbẹ̀, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn yẹ kó máa wo epo kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ ọ́ lójú ẹ̀, ó sì gbà.

Ìkẹta ní August 2, ó ti rọ epo kún kẹ́ẹ̀gì méjì sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mọ̀nàmọ́ná ló dá eré dúró ní Sydney, ó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n gbá Itoje lórí, wọ́n mú un jáde kí ìdajì tó pé, ó dùn mí gan-an, Lions pàdánù 22-12, àmọ́ ife ti dọ́wọ́, 2-1.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ lè lọ láìbẹ̀rù. Ìlà iwájú tó ní àga aléyìn ni ọ̀gá máa ń fi wá sí, kì í jẹ́ kí wọ́n mu sìgá nínú ilé. Ìyá kan ń ta ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, ata ẹ̀ dúdú dáadáa, ó jinná. Ilé ìtọ̀ ni ò dáa, ẹ ṣe tiyín nílé kẹ́ ẹ tó jáde. Tí Premier League bá sì wà lọ́jọ́ yẹn, tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n máa gbé rọ́gbì sí, ẹ ò ní gbọ́ ohùn rárá. 4 nínú 5 ni mo fún wọn.

Lọ́jọ́ Thursday kan ní November, ọ̀gá ló pè mí fúnra ẹ̀, ó ní, "Àǹtí, England àti New Zealand ni Sátidé, líìgì ò sí, mo ti kọ ọ́ sí pátákó." England jẹ 33-19 lọ́jọ́ náà. Bàbá ti débẹ̀ ṣáájú mi, wọ́n ń sọ fún ọmọkùnrin kan pé kó fara balẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù yẹn sí.