Tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún yín, ṣé kí wọ́n kùn yín lóorun ni àbí kí wọ́n pa ojú nìkan kú, kó má mọ ìrora? Mo ti ṣe méjèèjì

Aṣọ ni mò ń rán n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ̀ pé ojú ni gbogbo ẹ̀, tí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé báyìí èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í sùn. Ẹ wá wo kí ojú dà bíi gíláàsì tí èéfín bò. Keratoconus ni dókítà pe tèmi, kọ́níà, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, ló ń tínrín tó sì ń yọ ṣóńṣó síta bí ìdí òkòtó, awò ojú ò ràn án mọ́. Wọ́n ní àfi kí wọ́n gé e kúrò kí wọ́n fi ti ẹni tó ti kú rọ́pò ẹ̀. Wọ́n ṣe ojú òsì ní 2019, wọ́n kùn mí lóorun pátápátá, wọ́n ṣe ọ̀tún ní 2022, ojú nìkan ni wọ́n pa kú, èmi wà lójúfò.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti 2019. Ọsibítù tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí pé èwo ni mo fẹ́, fọ́ọ̀mù ni wọ́n gbé síwájú mi, ojú tí ò ríran náà ni mo fi buwọ́ lù ú. Mi ò jẹun láti alẹ́. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa ka nọ́ńbà, mi ò rántí pé mo ka ẹẹ́rin. Ibẹ̀ yẹn dáa, mi ò ní purọ́, kò sí ẹ̀rù kankan, àfi bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú tó sì là á. Ìgbà tí mo jí gan-an ni wàhálà dé. Ọ̀fun ń ta mí nítorí rọ́bà tí wọ́n tì bọ̀ ọ́ kí n lè máa mí, mo ń wúkọ́, mo tún ń bì, nọ́ọ̀sì wá ń pariwo pé "Màmá, ẹ rọra bì o!" Ṣé èébì ní rọra ni? Òun náà ò jẹ̀bi ṣá, torí téèyàn bá ń fipá bì, agbára ẹ̀ ń lọ sínú ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Ohun tó ká mi lára ni pé ọ̀fìnkìn ti ń dà mí láàmú látọ̀sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, dókítà mìíràn ni, ó jókòó tì mí. Ó ní ṣé mo lè fẹ̀yìn lélẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ láì mira, ṣé mò ń wúkọ́, ṣé mo máa ń hanrun (ẹni tó bá sùn lọ lórí bẹ́ẹ̀dì lè ta gìrì). Ó ní táwọn bá ti gé kọ́níà àtijọ́ kúrò, ojú á ṣí sílẹ̀ bí ìkòkò tí ò lọ́mọrí, ikọ́ ẹyọ kan lásìkò yẹn, ohun inú ẹyinjú lè tú jáde. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ ní kí wọ́n tún kùn mí lóorun, mo wá rántí èébì yẹn, mo sì rántí owó, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí jàre, ẹni tó ń kunni lóorun lówó tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ kán oògùn sí i. Dókítà ní láti 1884 ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Carl Koller ní Vienna ti fi kokéènì hàn pé èèyàn lè pa ojú nìkan kú, mo ní kokéènì kẹ̀! Ó rẹ́rìn-ín, ó ní lidocaine ni tiwa. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́, wọ́n gún un gba abẹ́ ojú wọlé, òun ló burú jù nínú gbogbo ẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ àmọ́ ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń ti nǹkan wúwo sẹ́yìn ẹyinjú mi. Ojú náà wá ṣókùnkùn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé á ṣókùnkùn o! Mo rò pé ó ti fọ́ ni, mo figbe ta, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, iṣan tó ń ríran náà ni oògùn mú, á padà.

Wọ́n da aṣọ bò mí lójú, wọ́n fi rọ́bà atẹ́gùn sábẹ́ ẹ̀, síbẹ̀ ooru ń mú mi. Nọ́ọ̀sì kan di ọwọ́ mi mú, ó ní tí ikọ́ bá fẹ́ gbé mi kí n tẹ òun lọ́wọ́ kó tó dé. Kò dùn mí rárá, mo kàn ń mọ̀ pé wọ́n ń fọwọ́ kan nǹkan. Nígbà tó kan rírán, mo gbọ́ tí wọ́n ń ka kókó òwú, 16, òwú tó tínrín ju irun orí lọ! Mo bi dókítà pé irú rírán wo ló ń rán, ó ní kí n panu mọ́, mò ń mira. Ó dùn mí, aránṣọ bíi tiẹ̀ ni mo ṣáà jẹ́.

Ìkọ́kọrẹ́ ni mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, láìbì. Ìgbà tí oògùn ṣí lójú ló wá ń ro mí, wọ́n fún mi lóògùn tí mo lò sí i.

Ọmọdé kọ́ lẹ máa ní kó wà lójúfò o, tàbí ẹni tí ara ẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò jẹ́ kó lè fẹ̀yìn lélẹ̀, àwọn yẹn kí wọ́n sùn. Ní ti ìríran, ojú méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Mo fún kíkunni lóorun ní 5 nínú 10, pípa ojú kú ní 8, máàkì méjì tí mo yọ, ọ̀kan ti abẹ́rẹ́ yẹn ni, èkejì ti òkùnkùn tí wọn ò sọ fún mi.