Ogun Hítílà ní abala 26: àyẹ̀wò «The World at War» láti Àjàṣẹ́

Àwọn tí mo bá sọ fún pé mo wo fíìmù ìtàn kan tí ó lé ní wákàtí 22 máa ń béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tí a kò lè fi ìṣẹ́jú 45 sọ tán. Ìbéèrè náà tọ́, òun ni mo sì fẹ́ dáhùn nínú àyẹ̀wò yìí. Fíìmù tí mo ń wí ni «The World at War», tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Thames ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn aráyé láti ọdún 1973 wọ ọdún 1974. Abala 26 ni ó ní, ogun Hítílà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ó sì dá lé lórí. Mo wò ó pẹ̀lú àwọn ará ilé wa níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, ó sì dá mi lójú pé bí wọ́n bá gé e kúrú, ohun tí ó dára jù nínú rẹ̀ ni wọn yóò gé sọnù.

Abala kìíní ṣí ní Oradour-sur-Glane, abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé tí àwọn ọmọ ogun SS, ẹgbẹ́ ológun àwọn ọmọlẹ́yìn Hítílà, ti pa ènìyàn tí ó lé ní 640 ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1944, lọ́kùnrin, lóbìnrin àti ọmọdé. Láti òkè ni a ti ń wo àwókù ilé tí kò ní òrùlé mọ́, tí Laurence Olivier, òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́. Kò pariwo, kò sì sọ fún wa pé kí a bánújẹ́. Orin Carl Davis wọlé lẹ́yìn náà, ẹ̀rù sì ti ba ènìyàn kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Jeremy Isaacs ni olórí àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ó kọ́kọ́ tọ Noble Frankland lọ, ẹni tí ó ń darí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ó ní kí ó dárúkọ ogun 15 tí ó ṣe pàtàkì jù lọ, àwọn tí ó dárúkọ náà ni wọ́n sì fi ṣe òpó iṣẹ́ náà. Àwọn abala tí ó kù ni wọ́n fi sọ ìgbésí ayé àwọn tí kò gbé ìbọn: bí ará Jámánì ṣe ń gbé lábẹ́ Hítílà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fara da àìrí jẹ àti bọ́ǹbù. Kò sí òṣèré tí ó wọ aṣọ ológun láti ṣe bí ẹni pé òun ni ẹni tí ó ti kú. Àwòrán tí wọ́n yà nígbà ogun gan-an àti ẹnu àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni a rí jù lọ, a kò sì rí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tí ó ń rìn káàkiri níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán láti túmọ̀ ohun gbogbo fún wa.

Àwọn ẹlẹ́rìí yìí ni ìdí tí mo fi ń yin iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ogun náà kò tíì parí tó ọdún 30; ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì darúgbó, iyè wọn ṣì mú, àkókò sì ti kọjá tó kí wọ́n lè jókòó sọ ohun tí wọn kò lè sọ ní ọdún 1945. Isaacs kò wá àwọn ọ̀gá àgbà nìkan. Ó wá àwọn tí ó súnmọ́ wọn, bí Traudl Junge, akọ̀wé tí ó tẹ ìwé ìhágún Hítílà. Ní abala 20, tí ó sọ nípa bí wọ́n ṣe pa àwọn Júù, Karl Wolff jókòó síwájú wa. Ọ̀gágun SS ni, ó ti ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Himmler, olórí àwọn SS, ilé ẹjọ́ ní Jámánì sì ti dá a lẹ́bi ní ọdún 1964. Ó ròyìn bí òun àti Himmler ṣe dúró wo bí wọ́n ṣe ń yìnbọn pa àwọn ènìyàn ní Minsk ní ọdún 1941, bí ojú Himmler ṣe yí padà, tí òun fi ní láti dì í mú kí ó má baà ṣubú. Àánú Himmler ni ó ń ṣe Wolff. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn, kò sí ẹni tí ó bá a jà. Wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó sọ̀rọ̀ títí tí òun fúnra rẹ̀ fi tú àṣírí irú ènìyàn tí òun jẹ́. Nínú abala kan náà ni Rudolf Vrba, tí ó sá kúrò ní Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù, ní oṣù Kẹrin ọdún 1944, ti ń sọ tirẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 kò lè fún àwọn méjèèjì láyè. Ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ nílò àkókò kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde, ẹni tí ó sì ń gbọ́ ọ nílò àkókò láti mọ̀ pé ó ti jáde.

Abala 18 tún wú mi lórí gidigidi. Ilẹ̀ Holland lábẹ́ àwọn Jámánì ni ó sọ nípa rẹ̀, ìdí tí mo sì fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ìbéèrè rẹ̀ yé wa dáadáa ní ilẹ̀ tí àwọn àjèjì ti ṣàkóso rí: kí ni òṣìṣẹ́ ìjọba yóò ṣe nígbà tí ọ̀gá tuntun bá dé, tí ó sì ní kí ó kàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó máa kọ orúkọ, kí ó máa lu òǹtẹ̀? Àwọn kan kọ̀, wọ́n sì kú. Ọ̀pọ̀ kò kọ̀.

Iṣẹ́ náà ní àbùkù, mi ò sì ní fi pamọ́. Ọdún 1974 ni aráyé tó gbọ́ ní kíkún pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ka ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn Jámánì nígbà ogun náà, nítorí náà ìtàn bí wọ́n ṣe borí lójú òkun kò pé nínú fíìmù yìí. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Àbùkù kejì ni ó dùn mí. Nígbà tí a ń wo abala kẹta, níbi tí ilẹ̀ Faransé ti ṣubú ní ọdún 1940, màmá wa, tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún, ní kí n dá a dúró ná. Wọ́n ní, «Àwọn ọmọ wa tí Faransé kó lọ sí ogun yẹn ńkọ́? Ìgbà wo ni wọn yóò dé ọ̀dọ̀ wọn?» Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. A dé abala 26, a kò gbọ́ ohùn ọmọ Dahomey (orúkọ Benin nígbà náà) kan, bẹ́ẹ̀ ni mi ò rí ẹlẹ́rìí kankan láti apá ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn náà kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Nígbà tí Faransé ṣubú, ìjọba Vichy, ìjọba Faransé tí ó bá àwọn Jámánì ṣe, ni Dahomey bọ́ sábẹ́ rẹ̀ títí di ìparí ọdún 1942, nígbà tí Nàìjíríà wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ará Kétu àti àwọn ìbátan wọn ní Ìmẹ̀kọ wà lábẹ́ ìjọba méjì tí ọ̀rẹ́ wọn ti bàjẹ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ jà ní Burma. Àwọn ọmọ ogun láti ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso bá àwọn Faransé gúnlẹ̀ ní Provence, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1944, síbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún náà, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, Faransé yìnbọn pa irú àwọn ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n béèrè owó tí ó tọ́ sí wọn. Fíìmù tí ó rí àyè fún akọ̀wé Hítílà ì bá ti rí àyè fún ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1972, nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù náà, púpọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè, ní Àjàṣẹ́, ní Sábẹ̀, ní Kétu, wọ́n sì lè sọ̀rọ̀. Ilé àkójọ ìwé ìjọba orílẹ̀-èdè wa wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ṣùgbọ́n ìwé kò lè dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn ìbéèrè bí àgbàlagbà ti ń ṣe.

Síbẹ̀ náà, mo ní kí ẹ wò ó. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ mi, èyí sì le fún ilé tí àwọn ọmọ ti gbọ́ Faransé, tí àwọn àgbà sì gbọ́ Yorùbá àti Gùn, nítorí náà ẹ wá ẹnìkan tí yóò máa túmọ̀, kí ẹ sì máa dá a dúró nígbà gbogbo. Abala kan lálẹ́ kan ti tó. Ẹni tí ó bá wo mẹ́ta pọ̀ yóò kàn máa rí èéfín àti ọkọ̀ ogun ni. Bí àkókò yín kò bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ wo abala kìíní, ìkẹta, ìkejìdínlógún àti ogún. Kí àwọn ọmọdé má ṣe sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wo abala ogún, kí ẹ̀yin náà má sì ṣe wò ó kété kí ẹ tó sùn.