Kò jẹ́ kí n pa á rẹ́: oṣù mẹ́fà mi pẹ̀lú PostgreSQL

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ní kí PostgreSQL, dátábéèsì tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wa, pa orúkọ òǹkàwé 41 rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló kọ̀. Ta ló ni iṣẹ́, èmi àbí òun? Ilé ìkàwé kékeré kan ni mò ń bójú tó, ọdún méje ni mo sì fi lo dátábéèsì mìíràn kí n tó kó wá síbí. Ti tẹ́lẹ̀ kì í bá mi jiyàn. Tí mo bá ní kó pa, á pa.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń bá wa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wákàtí 19 kí wọ́n tó fèsì, èsì ọ̀hún sì ni pé kí n pa kọ̀ǹpútà, kí n tún un tàn. Mo fi ìbínú fèsì padà. Ìgbà yẹn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára wọn pè mí.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ bá mi ka ohun tó kọ síbẹ̀ tán."

Mo kà á: nọ́ńbà 41 ṣì wà nínú tébù, ìyẹn àtẹ àkọsílẹ̀, àwọn ìwé tí a yá jáde.

"Ìwé mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹni náà, mà?"

Mo lọ wò ó. Méjì. Ẹnu mi wọhò.

Foreign key ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: nọ́ńbà inú tébù kan gbọ́dọ̀ bá ẹni tó wà nínú tébù mìíràn mu, nítorí náà kò ní jẹ́ kí a pa ẹni náà rẹ́. Dátábéèsì ni ti tẹ́lẹ̀ náà, ó ń tọ́jú nǹkan, ó sì ń wá a rí, ṣùgbọ́n fáìlì kan kò mọ èkejì rí níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá yá ìwé ni mò ń tún orúkọ àti fóònù rẹ̀ kọ. Bó bá yí nọ́ńbà padà, mo lè tún un ṣe síbi 11, kí n gbàgbé ìkejìlá. Níbí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la kọ ọ́; nọ́ńbà òǹkàwé nìkan ni tébù ìwé yíyá gbé dání. Àbúrò yìí ní láti 1970 ni Edgar Codd ti ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ti gbé èrò náà jáde. 1970! Nígbà tá a sì ń kó ẹrù wá, ìwé 63 la bá tí wọ́n wà lọ́wọ́ ẹni tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ mọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa àwọn ẹni náà rẹ́. Ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko lèmi àti ọmọ náà fi tú u.

Kì í ṣe pé ó dùn ún lò o. Kí n tó mọ ẹni tí ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tébù mẹ́rin ni mo ní láti so pọ̀. Nítorí ìwé tó ní òǹkọ̀wé márùn-ún, tébù mìíràn tún ní láti wà tó so àwọn ìwé mọ́ àwọn òǹkọ̀wé. Ó sú mi.

Lọ́jọ́ kan, mo kọ DELETE, àṣẹ ìparẹ́, mo gbàgbé WHERE tó ń sọ èyí tó máa pa. Ó dá mi lóhùn: DELETE 1908. Gbogbo àkọsílẹ̀ ìwé yíyá wa nìyẹn. Àyà mi là gààràgà. Àmọ́ mo ti kọ BEGIN ṣáájú, èyí tó ń jẹ́ kí a lè yí iṣẹ́ padà, bí àbúrò yẹn ṣe kọ́ mi, mo wá fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n tẹ ROLLBACK, àṣẹ tó ń dá ohun tí a ṣe padà sí bó ṣe wà. Mo kà wọ́n: 1908, wọ́n pé.

Wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí ẹ̀ka mìíràn báyìí. Ẹni tó gbapò rẹ̀ ní kí n pa kọ̀ǹpútà, kí n tún un tàn.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Òǹkàwé 41 kò tíì dá ìwé wa padà.